Òǹkọ̀wé Tí Ó Bá Ogun Wọ Kùmásì

Nínú gbogbo àwọn tí ó ń kọjá lójoojúmọ́ lẹ́bàá odò kékeré tí ń jẹ́ Aboabo ní ìlú Kùmásì, ìbáà ṣe Haúsá tí ó ń lọ kírun, ìbáà ṣe Mọ́sì tí ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ bọ̀ láti ọjà, ìbáà sì ṣe ọmọ Yorùbá tí baba ńlá rẹ̀ ti Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ gbé igbá wọ́rọ̀bọ̀ dé ìhín tí ó sì fi ìhín ṣe ilé, èmi kò rò pé a ó rí ẹnì kan nínú ogún tí yóò mọ orúkọ George Alfred Henty. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kùmásì ní ọdún 1874, ní Kùmásì ìlú Osei Tutu, ìlú àga wúrà, ìlú tí àwọn Àṣáńtì fi ń yangàn pé bí a bá pa ẹgbẹ̀rún níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mìíràn yóò dìde. Ó sì lọ fi ohun tí ojú rẹ̀ rí ṣe ìwé, ó fi ìwé ṣe òkìkí, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń wọ̀ lọ, ṣàṣà ni ọmọdékùnrin tí ó mọ ìwé kà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ka ìwé rẹ̀ kan rí. Ìwé tí ó kọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó sì yẹ ní wíwò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, lójú tèmi, ni pé ẹni méjì ni Henty nínú ẹnì kan ṣoṣo: akọ̀ròyìn tí ojú rẹ̀ mú, àti òǹkọ̀wé ìtàn tí ó mọ̀ọ́mọ̀ di ojú náà nígbà tí ó fẹ́ kọ̀wé fún àwọn ọmọdé.

Abúlé Trumpington, lẹ́bàá ìlú Cambridge, ni a gbé bí i ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 1832. Olókùnrùn ọmọ ni. Orí ibùsùn ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀, níbi tí ó ti ń jẹ ìwé run bí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti ń jẹ koríko. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Westminster, ó gbájú mọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti ìjàkadì, títí ẹni tí a ti ń fi àgbo àti oògùn tọ́ fi di géńdé onírùngbọ̀n tí kì í yà fún ènìyàn lọ́nà. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Cambridge, kò sì dúró gba oyè, nítorí ogun Kìríméà bẹ́ sílẹ̀, òun náà sì bá àwọn tí ń pèsè ohun èlò fún ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń kọ lẹ́tà sí baba rẹ̀ nílé. Baba ka lẹ́tà, ó rí i pé kò yẹ kí irú rẹ̀ parẹ́ sínú àpótí, ó gbé e tọ olóòtú ìwé ìròyìn Morning Advertiser lọ, olóòtú sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Báyìí ni ọmọ tí ó bá ìbọn lọ ṣe di ẹni tí ó bá kálámù bọ̀.

Ní ọdún 1858 ó gbé Elizabeth Finucane níyàwó, wọ́n sì bí ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì kí ikú tó wọlé mú ìyá wọn lọ ní 1865. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ó sì fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, nǹkan méjì ni ọ̀fọ̀ máa ń fi í ṣe, yálà kí ó jókòó ti ẹkún, tàbí kí ó wá iṣẹ́ tí yóò gbé e jáde kúrò nínú ilé tí ó dá páropáro. Èkejì ni Henty yàn. Ó di aṣojú ìwé ìròyìn Standard lójú ogun, kò sì sí ibi tí ìbọn ti dún ní ìgbà ayé rẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé: ó dé Ítálì níbi tí Garibaldi ti ń jà, ó bá Ọ̀gágun Napier gun òkè Ábísíníà ní 1868, ó wà nílùú Páríìsì nígbà tí àwọn mẹ̀kúnnù gba ìlú náà ní 1871. Nígbà tí ó bá sì wà nílé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, a sì máa pa ìtàn fún wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà tiwa náà ti ń ṣe lábẹ́ òṣùpá, àfi pé nínú ìtàn tirẹ̀ kò sí ìjàpá, ogun ni gbogbo rẹ̀. Láti inú ìtàn wọ̀nyí ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọdé ti jáde, Out on the Pampas, tí ó sì fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ àwọn ọmọ inú ìwé náà.

Ìjà tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ìjà tí ó ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ní 1872 àwọn Dọ́ọ̀ṣì fa odi Elmina lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, láìbi Asantehene Kofi Karikari, ọba àwọn Àṣáńtì, ẹni tí ó gbà pé òun ni ó ni Elmina àti ìṣákọ́lẹ̀ ibẹ̀; ní 1873 àwọn ọmọ ogun Àṣáńtì ré odò Pra kọjá, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Fántì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán Ọ̀gágun Garnet Wolseley, tí ó gúnlẹ̀ sí Cape Coast ní oṣù kẹwàá ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀ròyìn tẹ̀ lé e bí igún ti ń tẹ̀ lé ọdẹ. Winwood Reade wá fún Times, Henty wá fún Standard, Stanley náà kò sì gbẹ́yìn, Stanley tí ó wá Livingstone rí ní àárín gbùngbùn Áfíríkà ní ọdún méjì ṣáájú, òun ni aṣojú ìwé ìròyìn New York Herald. Stanley ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ń lo ooru, Dauntless ni ó pè é; òun àti Henty wọ̀ ọ́ gba ojú òkun lọ sí Ada, níbi tí odò Volta gbé bọ́ sínú òkun, díẹ̀ ni ó sì kù kí omi gbé àwọn méjèèjì mì.

Ada yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé wa. Ẹni tí ó pàgọ́ síbẹ̀ ni John Glover, ẹni tí Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, tí ó ti ṣe olórí ìjọba Èkó kí wọ́n tó yọ ọ́ nípò ní 1872, tí gbọ̀ngàn Gólóbà tí ó wà ní Èkó títí di òní sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. A ti rán an kí ó gba apá ìlà-oòrùn, láti Volta, gbógun lọ bá Kùmásì. Ọ̀pá tí ó fara tì jù lọ ni àwọn ọmọ ogun Haúsá àti Yorùbá tí ó kó jọ láti Èkó, Gólóbà kò sì fi ọ̀ràn wọn ṣeré. Ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Bí ẹrú kan bá sá kúrò ní oko olówó rẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ní ibòmíràn lókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan Èkó, tí ó sì wọ ẹ̀wù ogun Gólóbà, ó parí, olówó rẹ̀ kò tún gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó ba àárín Gólóbà àti àwọn àgbà Ẹ̀gbá jẹ́, tí wọn kò fi dárí jì í bọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ayé ti ń yí: ẹni tí a rà lọ́jà Òkè Ògùn tàbí tí a kó lẹ́rú ní Núpé ni ó wá gbé ìbọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Àṣáńtì láti lọ jà fún ọba kan tí kò rí rí, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fún un ní owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó kọ́kọ́ mọ adùn ohun tí í ṣe ti ẹni. Nígbà tí ìtàn bá ń ka àwọn Yorùbá tí ó dé Gold Coast, àwọn oníṣòwò ni gbogbo wa máa ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí ó dùn ún gbọ́ létí. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí náà ni tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀nà ńlá. Wolseley mọ̀ pé ibà kì í bẹ̀rù ọ̀gágun, nítorí náà ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun òyìnbó rẹ̀, tí wọ́n tó bíi 2,500, wọlé kí wọ́n sì jáde kí òjò tó dé. Wọ́n ré Pra kọjá ní oṣù kìíní ọdún 1874. Àwọn Fántì tí ń ru ẹrù sá lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n fi ẹrù sílẹ̀ lọ́nà, àwọn obìnrin wọn sì wà nínú àwọn tí ó gbé e. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù náà ni ogun Amoaful, níbi tí àwọn Àṣáńtì ti jà nínú igbó kìjikìji débi pé àwọn ọmọ ogun Skọ́tílándì kò rí ẹni tí ń yìnbọn sí wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, lẹ́yìn ìjà mìíràn ní Ordahsu, wọ́n wọ Kùmásì ní ìrọ̀lẹ́. Ọba ti lọ. Ààfin tí Osei Bonsu fi òkúta kọ́ wà níbẹ̀, gbayawu, Winwood Reade sì kọ̀wé nípa ohun tí ó bá nínú rẹ̀: ìwé ní oríṣiríṣi èdè, aago, kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Páṣíà, àní ìwé ìròyìn Times àtijọ́ kan. Wọ́n dúró de ọba kí ó wá tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ọba kò wá. Òjò ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ààfin túútúú, wọ́n ti iná bọ ìlú, wọ́n sì kó wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́ tí ọwọ́ wọn tó padà sí Cape Coast, níbi tí wọ́n ti tà á ní gbàǹjo. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Gólóbà dé láti ìlà-oòrùn, tí Kapteni Sartorius sì mú àwọn díẹ̀ gẹṣin la ìlú náà kọjá. Eérú ni wọ́n bá.

Ìwé méjì ni Henty fi ọ̀rọ̀ yìí kọ, àárín ìwé méjèèjì sì jìn sí ara wọn gan-an. The March to Coomassie ni àkọ́kọ́, èyí tí ó jáde lọ́dún 1874 gan-an láti inú ìròyìn tí ó ti ń fi ránṣẹ́ sí Standard. Ẹni tí ó ti pèsè ohun èlò fún ọmọ ogun rí kò lè wo ogun bí ẹni tí ó ń wo ijó; ó mọ̀ pé oúnjẹ, ẹrù, ọ̀nà àti ibà ni ogun, ó sì mọ iye tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń náni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà Cape Coast sí Kùmásì ti rí ní ọdún náà yóò rí nǹkan mú nínú ìwé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ìwé kejì ni By Sheer Pluck, tí ilé ìtẹ̀wé Blackie gbé jáde ní 1884, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ogun. Ọmọ òrukàn kan tí ń jẹ́ Frank Hargate ni akọni rẹ̀. Ó bá àgbàlagbà kan tí ń ṣa ẹyẹ àti labalábá jọ wá sí Áfíríkà, ó rìn títí ó fi di ẹlẹ́wọ̀n ní Kùmásì, kí ó tó bọ́ sọ́dọ̀ Wolseley, kí ó sì bá a padà wá ṣẹ́gun ìlú náà. Henty tilẹ̀ mú un gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì jẹ́ kí Dàhọ̀mì gbógun ti ìlú abẹ́ Olúmọ lójú rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò lè parí láìsí ọmọ òyìnbó níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn Ẹ̀gbá ti lé Dàhọ̀mì padà lẹ́yìn odi ìlú wọn ní 1851 àti ní 1864, tí àwọn Amásónì, àwọn obìnrin jagunjagun ọba Dàhọ̀mì, sì fi òkú sílẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn náà ń sáré, ó dùn, mi ò ní parọ́. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò fẹ́ mọ ibi tí ó já sí. Ṣùgbọ́n ó dé ibì kan nínú rẹ̀ tí àgbàlagbà tí ń ṣa labalábá yìí jókòó tí ó sì ń kọ́ ọmọ náà pé èrò inú ènìyàn dúdú kò ju ti ọmọ kékeré lọ, àti pé bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀ yóò padà sínú igbó. Ọkùnrin tí ó rí àwọn ọmọ Gólóbà lójú ara rẹ̀, tí ó rí ìlú tí a fi òkúta kọ́ ààfin sí àti bí àwọn ará ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọ̀gágun àgbà Gẹ̀ẹ́sì dúró nínú igbó, ni ó kọ èyí. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń kọ ọ́ fún, ó sì mọ ohun tí baba ọmọ náà yóò san owó fún.

Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ìwé kíkọ, kò sì fi pamọ́. Nínú yàrá tí ó fi ohun ìjà oríṣiríṣi ilẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni ó ti máa ń ṣiṣẹ́, tí yóò fi ìkòkò tábà sẹ́nu, tí yóò máa pe ọ̀rọ̀ jáde, tí akọ̀wé rẹ̀ yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìtàn bá jẹ mọ́ ìgbà àtijọ́, yóò ránṣẹ́ lọ yá ìwé nípa rẹ̀ ní ilé ìkàwé, yóò kà á tán, yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń jáde lọ́dún báyìí. Ìlànà wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀: ọmọ aláìlẹ́nìkan, onígboyà, olóòótọ́, tí yóò pàdé ọ̀gágun tàbí ọba kan tí ìtàn mọ̀, tí yóò jà lábẹ́ rẹ̀, tí yóò sì padà wálé di ẹni ńlá. With Clive in India, With Wolfe in Canada, Under Drake's Flag, bí ó ti ń lọ nìyẹn. Ní ìgbà tí ọjà rẹ̀ yá jù lọ, iye tí Blackie ń tà nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún tó bíi 150,000. Ìwé rẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń rà fún ọmọ tí ó bá gba ipò kìíní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tàn ká gbogbo ibi tí àsíá Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́.

Inú ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ ni ó kú sí, ní èbúté Weymouth, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1902. G. Manville Fenn, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọdé, kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1907 pẹ̀lú ìyìn tí kò ní àbùlà. Ṣùgbọ́n ogun ńlá ti 1914 dé, àwọn ọmọ tí ó ti ka Henty lọ sínú yàrà nílẹ̀ Faransé, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kò sì jọ ohun tí wọ́n kà. Láti ìgbà náà ni iyì rẹ̀ ti ń joro, títí àwọn ọ̀mọ̀wé fi wá ń kà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lórí bí a ṣe ń fi ìwé tọ́ ọmọ fún ìjọba amúnisìn. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Guy Arnold gbà kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1980. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ kò tán sílẹ̀ ṣá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1977, láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn sì ni àwọn onígbàgbọ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn nílé, ti tún ń tẹ ìwé rẹ̀ jáde, tí wọ́n ń yìn ín pé ó ń kọ́ ọmọ ní ìgboyà àti òtítọ́. Òtítọ́ ni pé ìgboyà wà níbẹ̀. Èkejì ni mo ní iyèméjì sí.

Kùmásì ní tirẹ̀ kò kú sínú iná. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà ní 1896, wọ́n mú Asantehene Prempeh lọ sí ìgbèkùn, wọ́n sì mọ odi. Nígbà tí Yaa Asantewaa dìde sí wọn ní 1900, tí àwọn Àṣáńtì sì sé odi náà mọ́, ọlọ́pàá Èkó ni Kapteni Aplin kó wá, àwọn 250 tí wọ́n jà wọlé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Ìgbà kejì nìyẹn tí a óò fi ọmọ ọ̀dọ̀ wa ja Àṣáńtì. Lẹ́yìn ogun ni òwò. Ojú irin dé láti Sekondi ní 1903, Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, gbilẹ̀, nígbà tí ó sì kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń kọ́lé lọ sí Aboabo àti Asawase, Haúsá, Mọ́sì, Dagomba, àti àwọn tiwa tí àwọn Àṣáńtì ń pè ní Aláta: ọmọ Ṣọ̀ún láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín láti Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ará Ẹ̀jìgbò, ará Ṣakí. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ tánganran àti wọ́rọ̀bọ̀ ni wọ́n ń tà, láti orí igbá dé orí àtẹ, láti orí àtẹ dé inú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ wọn ń sọ Haúsá ní ìta, Tìwì ní ọjà, Yorùbá ní ẹ̀yìnkùlé. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia nílẹ̀ Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí ó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sí Kùmásì, tí kò rí Ọ̀fà rí, ilé wo ni a ní kí ó máa lọ? Wọ́n ta ọjà ní ìtakútà, wọ́n dì mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì, wọ́n lọ. Àwọn díẹ̀ dúró, àwọn mìíràn yọ́ padà nígbà tí ó yá. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìtàn àròsọ ni a ń wá nípa Kùmásì, èyí tí akọni rẹ̀ rìn jìnnà, tí ó fara da ìyà, tí ó sì dá ohun ńlá sílẹ̀, inú ilé àwọn ènìyàn yìí ni ǹ bá rán òǹkọ̀wé lọ.

Ní ti wúrà tí wọ́n tà ní gbàǹjo ní 1874, àwọn kan nínú rẹ̀ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert àti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2024, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n sun Kùmásì, ilé méjèèjì kó ohun 32 padà wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia, tí kò jìnnà sí Aboabo, èrò sì wọ́ lọ wò wọ́n. Àyálò ni wọ́n ṣe é fún olóhun, fún ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú àǹfààní pé wọ́n lè fi ọdún mẹ́ta mìíràn kún un.